Mo Ti Na Àwọn Àlejò Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ti na àwọn àlejò yín. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi, kí ẹlòmíràn má baà dé ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún kó lọ ṣòfófó. Mo nà wọ́n, mo bọ́ wọn sí ìhòòhò, mo sì fi àdá ṣá wọn. Bí inú bá ń bí yín níbi tí ẹ wà, ẹ bínú dáadáa. Ó ti pẹ́ tí èmi náà ti ń bínú sí yín, kò burú bí a bá jọ pín in.

Lọ́kọ́ja gbóná lónìí. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lásìkò yìí: òkè ń da ooru bọ̀ láti ẹ̀yìn, odò ń da tirẹ̀ bọ̀ láti iwájú, àwa la wà láàárín bí ẹran inú ìkòkò. Mo ṣì ń ta ẹja ní ọjà Kpata. Màmá ṣì wà nínú ilé wa ní àdúgbò Crusher, wọn ò gbà kí n kó wọn wá sọ́dọ̀ mi. Apá wọn ọ̀tún ti jinná, ṣùgbọ́n ó wọ́. Ẹ ò mọ̀ pé apá wọn dá, àbí? Ọ̀rọ̀ apá yẹn ló fa gbogbo ìjà yìí, àmọ́ n ò lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìdí àdá bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ẹ ò tíì lọ sí ìdálẹ̀ kankan, ẹ máa ń mú mi lọ sí oko wa ní ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀, lẹ́yìn òkè. Igi mángòrò kan wà níbẹ̀ tó ya ọ̀lẹ. Ewé ló mọ̀ ọ́n hù, kò mọ èso í so. Ẹ ó mú àdá, ẹ ó dúró níwájú rẹ̀, ẹ ó bi í bóyá ó máa so tàbí kò ní so. Ẹ ó ṣá a lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ó tún bi í. Iṣẹ́ tèmi ni láti sáré jáde láti ẹ̀yìn igi náà, kí n kúnlẹ̀, kí n sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má gé e. Èmi ni mo dúró fún un. Yóò so." Ẹ ó ṣe bí ẹni tó ń rò ó, lẹ́yìn náà ẹ ó ju àdá sílẹ̀. Òfin ibẹ̀ ni pé bí ẹnì kan bá ti dúró fún igi, ẹni tó mú àdá kò gbọdọ̀ gé e mọ́. Gbogbo àwọn tí a jọ ń dáko níbẹ̀ ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, àti Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́. Ẹ̀rù á ba igi, nígbà tó bá di ọdún kejì, mángòrò á bo ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò fi nínà mọ sórí igi. Bẹ́líìtì yín náà mọ ọ̀nà ilé wa. Ẹ rántí ọjọ́ tí ewúrẹ́ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, tí ẹ ní èmi ni mi ò lé e? Màmá ò sí nílé lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó máa dúró fún mi. Ẹ nà mí títí ara mi fi ṣí sílẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ bá mi níbi tí mo ti ń gbálẹ̀, ẹ ní, "Okun o." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń yí i wò. Okun la fi ń kí ara wa bí ilẹ̀ bá mọ́, okun náà la fi ń bá ẹni tó fẹsẹ̀ kọ kẹ́dùn. Èwo ni ẹ sọ fún mi? Ṣé ẹ kí mi ni, àbí ẹ bẹ̀ mí? Mo ti dàgbà, mo ti bímọ tèmi, n ò tíì mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn náà ni ẹ lọ. Ẹ ní ọ̀rẹ́ yín kan ti rí iṣẹ́ fún yín ní ìlú òtútù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ yín wà nílẹ̀ nígbà yẹn, oko tí ènìyàn lè rìn nínú rẹ̀ tí oòrùn ò ní rí i. Ẹ fi í sílẹ̀ fún Màmá. Kí wá ni iṣẹ́ tí ẹ lọ ṣe? Ẹ lọ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́! Mo bú sẹ́rìn-ín nígbà tí fọ́tò àkọ́kọ́ dé. Ẹ dúró nínú ilé dígí ńlá kan, síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà lọ́rùn yín, òógùn ń bọ̀ lójú yín, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ wà lọ́tùn-ún, ọsàn àti mángòrò wà lósì. Lẹ́yìn dígí, yìnyín ti bo gbogbo ohun tí ojú lè rí. Ẹ ṣàlàyé fún wa lórí fóònù pé wọ́n ri páìpù mọ́lẹ̀ jìnnà, pé bí òtútù bá mú lókè tó bẹ́ẹ̀ tí itọ́ ènìyàn ń di yìnyín kó tó kanlẹ̀, inú ilẹ̀ ṣì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, àti pé ooru ilẹ̀ yẹn ni wọ́n ń fà wọ inú ilé dígí kí èso ilẹ̀ wa lè gbó láàárín òtútù wọn. Ohùn yín dùn. Mo rántí pé mo gbé fóònù kúrò létí, mo wò ó, nítorí pé n ò gbọ́ kí ohùn yín dùn bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ nípa tiwa.

Ọdún tí iná oko jà níhìn-ín, Màmá sọ fún yín pé iná jó díẹ̀. Irọ́ ni wọ́n pa fún yín, kí ọkàn yín lè balẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà. Iná gun òkè wá láti ìsàlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rán sí wa. Màmá ya ẹ̀ka igi tútù, wọ́n wọ inú iná lọ, wọ́n ń lù ú. Mo ń fà wọ́n láṣọ, wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ gbá mi lẹ́nu, eyín mi kan mì. Wọ́n lu iná títí ìró fi jó mọ́ wọn nítan. Bàbá Sàlìhù tí oko wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa ló gbé wọn jáde léjìká. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín ń dún bó ṣe ń jó, omi inú rẹ̀ ń hó, igi kọ̀ọ̀kan ń bẹ́ pò, pò, a sì ń gbọ́ ọ láti ibi tí a tẹ́ Màmá sí. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni fọ́tò yín dé. Ẹ gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńlá kan lé èjìká nínú ilé dígí, ẹ ń rẹ́rìn-ín. Màmá wò ó lórí ibùsùn ọsibítù, wọ́n ní ẹ ti sanra. Mo fẹ́ la fóònù náà mọ́ ògiri. Títí di òní, bí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn, ọwọ́ mi á máa wá ohun tó máa fọ́.

Ẹ padà wálé pẹ̀lú báàgì kan àti ikọ́. Màmá ò bi yín ní ìbéèrè kankan. Wọ́n se ọbẹ̀ ẹja fún yín, wọ́n sì ń bu omi gbígbóná fún yín wẹ̀. Ẹ ò tíì sinmi dáadáa tí ẹ fi ní ẹ fẹ́ kọ́ ilé ọ̀rá sórí oko tó jó. Ẹ ní ilẹ̀ kan náà ni, pé níbi tí yìnyín wà, inú ilẹ̀ ló lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju òkè lọ, ṣùgbọ́n ní Lọ́kọ́ja tí òkè ń jó ènìyàn, inú ilẹ̀ ló tutù ju òkè lọ. Bí páìpù bá lè fa ooru fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú òtútù, ó lè fa ìtutù fún ápù, èso ìlú òtútù, nínú ooru. Mo gbà pé ọgbọ́n ni, n ò lè purọ́ mọ́ yín. Ẹ̀yin pẹ̀lú ikọ́ yín, ẹ gbẹ́ yàrà tó jìn jù yín lọ, ẹ to páìpù sínú rẹ̀, ẹ bò ó, ẹ ta ọ̀rá funfun sórí igi pákó, ẹ gbé fáànù tó ń lo sólà sẹ́nu páìpù. Nígbà tí ẹ tan fáànù náà, mo na ọwọ́ síbẹ̀, atẹ́gùn tó jáde tutù gan-an. Bàbá Sàlìhù pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, "Wàláhì, ẹ ti sọ ilẹ̀ di éésì!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn tí mo rẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn.

Ẹ lọ sí Jọ́ọ̀sì, ẹ kó ọmọ igi ápù wá. Ẹ fi aṣọ tútù wé ìdí wọn, ẹ gbé wọn lé itan nínú mọ́tò bí ìkókó. Ọdún ń gorí ọdún, igi ápù ò so. Bàbá Sàlìhù mú àdá wá, bí a ṣe ń ṣe é, wọ́n ní kí ẹ jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà wọ́n díẹ̀. Ẹ gba àdá lọ́wọ́ wọn. Ẹ ní, "Àlejò ni wọ́n. A kì í na àlejò." Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe di òfin. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ já ewé kan. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi èjìká gbá ẹ̀ka. Ẹ ń fi kànrìnkàn nu ewé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan! Mo gbé oúnjẹ wá fún yín lọ́jọ́ kan, mo bá yín níbi tí ẹ ti ń bá igi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ẹ ń bi í bóyá ooru ń mú un. Ẹ̀yin, Bàbá. Ẹ̀yin tí ẹ fi bẹ́líìtì ya ẹ̀yìn mi. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ọ̀rá yẹn pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́, obìnrin ńlá bí èmi, mo ń jowú igi.

Ewé wọn ń dán, ìdí wọn sanra, wọn ò yọ òdòdó kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni ikọ́ náà ṣe gbẹ̀mí yín. Ọjọ́ tí ẹ máa lọ, mo wà lọ́tùn-ún yín, Màmá wà lósì. A rí i pé ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀, a tẹ́tí. Mo rò pé ẹ máa sọ ọ̀rọ̀ kan fún Màmá, bí kò tilẹ̀ sí tèmi níbẹ̀. Ẹ ní, "Ẹ má jẹ́ kí fáànù kú." Ṣé bí ọkọ ṣe ń dágbére fún aya nìyẹn?

Màmá gbà á bí àṣẹ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gun ọ̀kadà láti Crusher lọ sí oko, wọ́n ń pọnmi láti odò kékeré ìsàlẹ̀, wọ́n ń bomi rin igi yín. Mo bẹ̀ wọ́n títí. Mo bínú sí wọn títí. Wọ́n á ní wọ́n gbọ́, bó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n á tún gbé kẹ́ẹ̀gì lọ. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn èṣí mú gan-an, wọ́n sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò tí páìpù ti ń fa atẹ́gùn wọlé, láti kó ewé gbígbẹ tó dí i. Pákó tí ẹ fi ṣe àtẹ̀gùn ti jẹrà. Ó já mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n wà nínú kòtò náà pẹ̀lú egungun apá tó ti yọ síta títí Bàbá Sàlìhù fi kírun ọ̀sán tán tí wọ́n sì gbọ́ igbe wọn. Nígbà tí mo dé ọsibítù lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n ti to egungun náà, tí wọ́n sì ti fi símẹ́ǹtì funfun dì í, ohun tí ìyá mi kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé fáànù ṣì ń yí?"

Ojú mi ṣú. Mo padà sí Kpata, mo mú àdá tí mo fi ń gé orí ẹja ńlá, mo dá ọ̀kadà dúró. Ọlọ́kadà wo àdá, ó wo ojú mi, ó ní, "Àǹtí, who you wan kill?" Mo sọ fún un pé igi ni. Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé n ò bá a rín in, ó gbé mi, ó sì sáré gan-an.

Ọ̀sán gangan ni mo débẹ̀. Mo kọ́kọ́ ya ọ̀rá. Mo yà á láti òkè dé ilẹ̀, ooru Lọ́kọ́ja sì tú wọlé gììrì. Mo fi ẹ̀yìn àdá lu fáànù yín títí apá rẹ̀ fi fò dànù. Ó ti kú tán, mo ṣì ń lù ú. Bàbá Sàlìhù sáré dé, wọ́n dì mí mú láti ẹ̀yìn, wọ́n ń pariwo pé, "Subuhánà! Ọmọ yìí, ṣé orí rẹ pé?" Mo fi gbogbo ara tì wọ́n. Wọ́n ṣubú, fìlà wọn yí wọ inú ewé. Àgbàlagbà tó ti gba ìyá mi là nínú iná àti nínú kòtò, mo tì wọ́n ṣubú, n ò sì wẹ̀yìn.

Mo ṣá igi àkọ́kọ́. Oje díẹ̀ ló ṣe. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ju àdá sílẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì bọ inú ewé. Mo ń fa ẹ̀ka wálẹ̀, mo ń ha ewé kúrò lára rẹ̀ láti ìdí dé orí, bí mo ṣe ń ha ìpẹ́ ẹja. Ewé tí ẹ ń fi kànrìnkàn nù! Mo kúrò lórí ọ̀kan, mo bọ́ sórí èkejì. Mo ń bi wọ́n ní ohun tó yẹ kí n bi yín nígbà tí ẹ wà láàyè. Ta ló nu ojú mi rí bí ó ṣe ń nu ewé tiyín, ẹ̀yin igi? Ta ló béèrè rí bóyá ooru ń mú èmi? Àtẹ́lẹwọ́ mi bó, ẹ̀jẹ̀ mi wà lára ẹ̀ka, n ò dúró. N ò dá igi kan sí. Nígbà tí mo ṣe tán, gbogbo wọn dúró ní ìhòòhò bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ sókè, ewé sì bo ẹsẹ̀ mi dé kókósẹ̀. Inú mi dùn, Bàbá. Mo wá mú àdá, mo padà sídìí igi àkọ́kọ́ láti gé e lulẹ̀.

Bàbá Sàlìhù ti pe Màmá lórí fóònù. Wọ́n dìde lórí ibùsùn, wọ́n jáde ní ọsibítù láìdágbére fún ẹnikẹ́ni, wọ́n gun ọ̀kadà wá pẹ̀lú apá nínú símẹ́ǹtì. Mo rí wọn tí wọ́n gba inú ọ̀rá tó ya wọlé. Wọ́n wo ilẹ̀. Wọ́n wò mí. Wọ́n rìn wá, wọ́n fi ẹ̀yìn ti igi tí mo gbé àdá sí. Wọn ò kúnlẹ̀, ìyá kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ. Wọ́n ní, "Má gé e. Èmi ni mo dúró fún un. Yóò so."

Mo ní, "Màmá, ẹ kúrò níbẹ̀."

"N ò kúrò."

"Bàbá ò dúró fún yín rí! Iná ń jó yín níhìn-ín, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ń tọ́jú lọ́hùn-ún. Kí lẹ ń dúró fún igi wọn sí?"

"Ta ló sọ fún ọ pé igi rẹ̀ ni? Ó ti kú. Láti ìgbà tó ti kú, omi ta ni wọ́n ń mu? Apá ta ló dá nítorí wọn? Tèmi ni wọ́n. Iná ti gba èyí tí mo kọ́kọ́ ní. Ìwọ náà fẹ́ gba èyí?"

Àdá wà lókè. Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí: n ò mọ ẹni tí mo fẹ́ ṣá mọ́, bóyá igi ni o, bóyá ìyá mi ni, bóyá ẹ̀yin. Màmá ò ṣẹ́jú. Òfin sì ni òfin. Mo ju àdá nù, mo jókòó sáàárín ewé, mo ké bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà. Màmá fi ọwọ́ òsì gbá mi létí, etí mi hó yee. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ọwọ́ kan náà nu ojú mi, wọ́n ní, "Okun o." Tiwọn yé mi lójú ẹsẹ̀.

Mo gbé ẹja àrọ̀ tó tóbi jù lọ nínú ìkòkò mi lọ fún Bàbá Sàlìhù, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, n ò mọ̀gbà tí mo ṣe é. Wọ́n gba ẹja náà. Wọ́n ní ìdí ṣì ń dun àwọn, àmọ́ ọbẹ̀ lè wò ó. A fi igi náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìhòòhò. Mo rò pé wọ́n ti kú, n ò kàn sọ ọ́ fún Màmá.

Oṣù kejì lẹ́yìn náà ni Bàbá Sàlìhù pè mí lọ́jà. Ẹja wà lọ́wọ́ mi, oníbàárà dúró. Wọ́n ń pariwo nínú fóònù, "Ìyá ẹlẹ́ja, fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀! Wọ́n ti tanná!" Mo rò pé iná ló tún dé. Mo sáré gbé Màmá, a dé oko, a bá òdòdó. Òdòdó funfun tí etí rẹ̀ pọ́n díẹ̀, lórí ẹ̀ka tó pá, oyin ń kùn lórí rẹ̀. Ó wà lára gbogbo igi tí mo nà. Àní lábẹ́ ibi tí mo ti ṣá èyí àkọ́kọ́, òdòdó wà níbẹ̀. Màmá ń lù mí lẹ́yìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lù mí.

Ọmọ kan tó ń kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì, tó ń gbé ní Adankolo, máa ń ra ẹja lọ́wọ́ mi. Òun ló ṣàlàyé fún mi. Ó ní ìnà ni ápù ń fẹ́. Ní ìlú òtútù, òtútù máa ń nà án títí gbogbo ewé rẹ̀ á fi rẹ̀, igi á rò pé ikú dé, á sùn, ìgbà tó bá jí ló máa tanná. Ní ilẹ̀ tó gbóná, tí òtútù ò sí, ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n fi ń já ewé náà. Ẹ̀yin fún wọn ní ìtutù díẹ̀ láti inú ilẹ̀, èyí tó tó láti mú ara tù wọ́n, wọ́n sì jókòó ti ìgbádùn, wọn ò sùn, wọn ò jí.

Bàbá, ẹ gbé ìlú òtútù yẹn pẹ́. Ọdọọdún ni òtútù ń na igi ápù ní ìta, lójú yín. Ṣùgbọ́n inú dígí lẹ wà, ẹ kọ ẹ̀yìn sí ìta, ẹ ń nu ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ikùn mú, gbogbo Kpata ń wò mí. Lẹ́yìn náà ni inú bí mi ju ti ọjọ́ àdá lọ. Nínú gbogbo ohun tó wà ní sàkáání yín tí ẹ lè nà, àwọn nìkan ló yẹ kí ẹ nà, àwọn nìkan lẹ dá sí.

Mo rán ọ̀rá tó ya. Mo ra fáànù mìíràn, mo sì fi irin ṣe àtẹ̀gùn kòtò náà. Èso dé nígbà òjò, wọn ò tóbi, ìjì já púpọ̀ dànù. Màmá mú èyí tó kọ́kọ́ pọ́n wá sí ìsọ̀ mi, wọ́n jókòó lórí àpótí, mo fi ọ̀bẹ ẹja gé e fún wọn. Wọ́n rọra jẹ ẹ́. Wọ́n ní, "Ó kan díẹ̀. Kò tó mángòrò." Wọ́n jẹ ẹ́ tán pẹ̀lú kóró inú rẹ̀, wọ́n lá ìka, wọn ò rántí fi díẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Bàbá Sàlìhù jẹ ọ̀kan náà, wọ́n ní éésì ti bímọ.

Ẹ̀ẹ̀rùn ti padà dé, ewé ti kún orí igi, ó sì yẹ kí a tún nà wọ́n. Òní la lọ. Mo ti ń ká ọwọ́ aṣọ sókè nígbà tí Màmá ní kí n dúró sẹ́yìn. Wọ́n di ìró wọn le, wọ́n fi apá wíwọ́ yẹn fa ẹ̀ka àkọ́kọ́ wálẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já a. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń já a, bí ẹni tó ń já ewébẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ yín. Wọn ò pè yín ní Bàbá ọmọ mi. Orúkọ tí àwọn òbí yín sọ yín ni, tí n ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí. Wọ́n já ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n ní ti iná nìyí. Wọ́n já òmíràn, wọ́n ní ti ìyá àwọn tí àwọn nìkan sin nígbà tí ẹ wà ní ìdálẹ̀ nìyí. Ti ilẹ̀ tó ń mọ́ tí ibùsùn tutù. Ti fọ́tò. Ti ẹ̀rín inú fọ́tò. Wọ́n rí ẹ̀rín yẹn nígbà náà, Bàbá, bí mo ṣe rí i. Ẹ̀ka ń ṣẹ́, ewé ń fò, ohùn wọn ròkè débi pé Bàbá Sàlìhù dìde lórí ẹní wọn lókè odò, wọ́n wò wá, wọ́n sì tún jókòó.

Ẹ̀rù bà mí. N ò mọ̀ pé ìbínú wà nínú ìyá mi. Mo rò pé ara èmi nìkan ló wà, àti pé ọ̀dọ̀ yín ni mo ti jogún rẹ̀. Mo wà lẹ́yìn igi, níbi tí ẹni tó máa bẹ̀bẹ̀ máa ń dúró sí, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé orí ahọ́n mi. Ó yẹ kí ẹnì kan sáré jáde, kó ní òun dúró fún yín. Èmi nìkan ló wà níbẹ̀. Mo wo ọwọ́ wọn, mo pa ẹnu mi dé, mo sì jẹ́ kí wọ́n nà yín tẹ́rùn.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò dúró fún yín lónìí.